Ògbufọ̀ Tó Kọjú sí Fèrèsé

Àwa ará ilé ọkọ mi kì í dá lọ sí ọ́fíìsì. Ìbáà jẹ́ pé wọ́n kàn fẹ́ fi òǹtẹ̀ lu bébà lásán, ẹnìkan ní láti bá ọ lọ, onítọ̀hún sì ní láti jẹ́ àgbàlagbà tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, tó dé fìlà, tó lè bá ọ bẹ̀bẹ̀. Kò sí ẹni tó ń béèrè pé kí ni à ń bẹ̀bẹ̀ fún nígbà tí a kò tíì ṣẹ̀. A ṣáà ń bẹ̀bẹ̀ náà sílẹ̀ ni, de ìgbà tí a bá máa ṣẹ̀.

Ní Abidjan níbí, ẹni tó ń bá gbogbo wa bẹ̀bẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Alájì. Ó ń ta àǹkárá ní Adjamé. Ọmọ Ìgbòho ni, ṣùgbọ́n kékeré ni wọ́n ti gbé e wá, ó sì lọ sí ilé ìwé Faransé kí bàbá wọn tó fà á jáde sínú ṣọ́ọ̀bù. Faransé rẹ̀ gún régé. Láràárọ̀ ni ó máa ń ka ìwé ìròyìn sókè níwájú ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe pé ẹnì kan ní kí ó kà á fún òun, ó kàn fẹ́ kí àwọn aládùúgbò gbọ́ ni. Bí àwọn ọlọ́pàá bá mú ọmọ Nàìjíríà kan, Alájì ni. Bí ilé ìwé bá ránṣẹ́ pe òbí tí kò gbọ́ Faransé, Alájì náà ni. Á wọ agbádá funfun, á kí wọn, á bi wọ́n léèrè ìyá, á bi wọ́n léèrè ọmọ, á ṣàdúrà fún wọn, títí ara wọn á fi rọ̀, kí ó tó dé orí ohun tó gbé e wá. Ó sì sábà máa ń rí ohun tó bá wá gbà.

Èmi ní tèmi, agbẹ̀bí ni mí. Ilé ni mo ti kọ́ṣẹ́ náà, mo sì ṣe é fún ọdún púpọ̀ ní Ìsẹ́yìn kí ọkọ mi tó ní kí n wá bá òun. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń bímọ ní Ìsẹ́yìn náà ni wọ́n ń bímọ ní Yopougon, n kò sì tíì rí ohun tó sọ pé irọ́ ni mo rò. Ṣùgbọ́n ìjọba ìlú yìí ní kí n kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ, wọn kò sì jẹ̀bi, nítorí ẹni tí a kò mọ̀ rí kì í ṣàdédé wọ iyàrá ìrọbí. Nítorí náà, ilẹ̀ ni mo ń gbá ní kílíníìkì kan ní Yopougon. Mo ń gbálẹ̀, mo ń fọ aṣọ tó lẹ́jẹ̀, mo ń gbé omi gbígbóná dé ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n á sì tilẹ̀kùn. Ìgbà mìíràn wà tí màá mọ̀ láti inú igbe obìnrin náà pé ọmọ ti dé ojú ọ̀nà, tí màá di ìgbálẹ̀ mú gírígírí kí n má baà já wọlé. Ó dùn mí. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ fún ọkọ mi lọ.

Madame tó ni kílíníìkì náà fẹ́ràn mi. Ó ní òun ń fi ipò agbẹ̀bí kan dè mí, bí mo bá ti lè gbàwé àṣẹ kí ọdún tó parí. Bí ọdún bá parí tí n kò rí i gbà, òun á fún ẹlòmíràn, nítorí aboyún kì í dúró de ìwé. Wọ́n ti túmọ̀ àwọn ìwé ẹ̀rí mi láti ilé, mo ti ṣe ìdánwò èyí tí à ń fọwọ́ ṣe, mo sì yege. Ìdánwò ẹnu nìkan ló kù: kí n jókòó níwájú ìgbìmọ̀ kan ní Plateau, kí wọ́n bi mí léèrè iṣẹ́ mi, kí n sì dá wọn lóhùn ní Faransé.

Faransé mi nígbà náà, ti ọjà ni. Mo lè ra atiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ìlú yìí. Mo lè bá ìyá ẹlẹ́ja ná ọjà títí á fi bú mi, mo sì lè bú u padà. Mo lè sọ fún ọmọ ọkọ̀ gbákà pé níbí ni mo ti ń bọ́ọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n dúró níwájú dókítà kí n máa ṣàlàyé bí a ṣe ń gbẹ̀bí ọmọ tó fi ìdí wá, ẹnu mi kò gbà á. Ọ́fíìsì náà ṣàánú wa. Wọ́n ní ẹni tí Faransé rẹ̀ kò tíì dán mọ́nrán lè mú ògbufọ̀ wá, kí ó ṣáà jẹ́ àgbàlagbà tó gbọ́ èdè méjèèjì, kí ó má sì jẹ́ ọkọ ẹni tó ń ṣe ìdánwò. Wọn kò mọ̀ pé ní ilé wa, láti orí bàbá ọkọ mi dé orí ọmọ ọwọ́ tí mo bá nílé, ọkọ mi ni gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kò gba àkókò rárá nígbà tí ẹbí jókòó lé e. Ta ni ìbá tún jẹ́? Àdúrà ni a fi parí ìpàdé, wọ́n sì gbé oúnjẹ wá. Kò sí ẹnì kankan nínú wa, àti èmi tí mo kọ́ṣẹ́ náà, tó rántí bi ara rẹ̀ pé kí ni wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ agbẹ̀bí.

Òwúrọ̀ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni ìdánwò náà bọ́ sí. Alájì wọ agbádá, ó fín lọ́fínńdà, ó di obì sínú bébà bí ẹni tó ń lọ tọrọ ìyàwó. Nínú wôrô-wôrô, takisí tí èrò mẹ́rin ń dáwó wọ̀, ó ń fi ọkàn mi balẹ̀.

"Ìyàwó, ìwọ ṣáà jókòó jẹ́ẹ́. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní nǹkan, kọ́kọ́ wo ilẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé ilé dáadáa lo ti wá. Èyí tó kù, èmi ni mo ni ín."

"Ẹ ṣeun, Alájì. Ẹ ó pẹ́ fún wa."

Ẹni méjì ló ń béèrè ọ̀rọ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà: dókítà kan tó ti ń hewú, àti ọ̀gá agbẹ̀bí kan, obìnrin tó tóbi dáadáa, tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. Alájì kí wọn. Ó kí wọn títí dókítà fi wo aago. Ó gbé obì kalẹ̀, dókítà sì rọra tì í padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ṣàdúrà fún orílẹ̀-èdè méjèèjì. Nígbà tí ó jókòó tán, ojú rẹ̀ ń dán, èmi náà sì rò pé ó ti parí.

Dókítà béèrè ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: àwọn àmì wo la fi ń mọ̀ pé obìnrin ti ń rọbí? Mo gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, mo sì rí i tí ojú Alájì yí padà. Ó gbé fìlà rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó tún gbé e sósì. Ó wá yíjú sí mi, ó ń wo èékánná ara rẹ̀.

"Ìyàwó, wọ́n ń béèrè pé báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé àlejò ń bọ̀."

Ìdáhùn náà wà lẹ́nu mi. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé agbẹ̀bí rí, níṣojú ọkùnrin àti obìnrin, ohùn mi kò sì mì. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo máa sọ ọ́ fún nìyí: ẹni tí mo ń kúnlẹ̀ kí láràárọ̀, tí mo ń borí kí n tó gbé omi síwájú rẹ̀, tí n kò wò lójú tààrà rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọlé. Ṣé irùngbọ̀n yẹn ni kí n kọjú sí kí n wí fún un pé ẹnu ilé ọmọ á máa là? Ojú tì mí. Mo wolẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí kí wọ́n mọ irú ilé tí mo ti wá.

"Ẹ sọ fún wọn pé ara obìnrin náà á máa sọ fún un."

Alájì sọ ọ́ fún wọn. Dókítà béèrè pé kí ni ara rẹ̀ á máa sọ. Alájì ní, "La chose, Docteur," ìyẹn ni pé nǹkan náà. Dókítà ní nǹkan wo? Alájì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún àwọn ọmọ dókítà.

Wọ́n wá béèrè èyí tó le jù: bí obìnrin bá bímọ tán, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì dá, kí ni mo máa ṣe? Mo mú ọkàn le. Mo wo ẹsẹ̀ tábìlì, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: bí mo ṣe máa fọwọ́ ra ilé ọmọ láti orí ikùn títí á fi le, bí mo ṣe máa wò ó bóyá ibi ọmọ jáde tán, abẹ́rẹ́ tí mo máa fún un, omi tí mo máa fà sí i lára, ẹni tí mo máa pè. Mo sọ̀rọ̀ pẹ́. Alájì ń mi orí sí gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ wáàsí. Nígbà tí mo parí, ó kọjú sí ìgbìmọ̀, ó ní mo ní màá tọ́jú ìyáàfin náà dáadáa, pẹ̀lú agbára Ọlọ́run.

Abẹ̀bẹ̀ ọ̀gá agbẹ̀bí dúró sókè. Ó ní, "Monsieur, ọ̀rọ̀ tí ó sọ pọ̀ ju ìyẹn lọ."

Alájì ní, "Bí èdè wa ṣe rí nìyẹn, Madame. Àwa máa ń sọ̀rọ̀ pẹ́."

Wọn kò ní mo fìdí rẹmi, wọn kò sì jẹ́ kí n yege. Dókítà rọra sọ ọ́ fún wa pé àwọn kò lè fi àdúrà díwọ̀n agbẹ̀bí. Àyè kan ṣì wà kí ọdún tó parí, ẹ̀ẹ̀kan péré. Kí n mú ògbufọ̀ tó máa sọ ohun tí mo bá sọ wá. Bí ìyẹn kò bá bọ́ sí i, ó di ọdún tó ń bọ̀.

A jáde. Alájì ní, "Inú wọn dùn sí wa. Ṣé o rí bí dókítà yẹn ṣe ń rẹ́rìn-ín?"

Mo ní, "Mo rí i, Alájì. Ẹ kú wàhálà." Mo gbé ìbínú láti Plateau dé ilé, n kò jẹ́ kí ó dà nù rárá, ọkọ mi ni mo da gbogbo rẹ̀ lé lórí. Ó gbọ́ mi tán, ó ní ṣé kí òun wá lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n òun pé kò gbọ́ Faransé ni? Mo ní ó gbọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ ju gbogbo wa lọ. Èyí tó gbọ́ ni kò lè sọ.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Alájì wà lọ́jà ní tòótọ́, orí ọmọ tuntun gan-an ni à ń sọ, òun ni kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ibi tí orí náà gbà jáde.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlòmíràn. Ọmọbìnrin kan wà ní àdúgbò wa tó ń lọ sí yunifásítì, àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ṣakí, níbí ni wọ́n bí i sí. Mo sọ gbogbo àlàyé náà fún un ní Yorùbá, kí ó sọ ọ́ padà fún mi. Ó gbọ́ mi dáadáa, ó ń mirí. Ó la ẹnu, kò sí nǹkan. Ó ní, "Tantie, mo gbọ́ ẹ, mais kò jáde. Franchement, bí wọ́n bá bi mí ní ìbéèrè ní Yorùbá mo máa sá." Èyí tó gbọ́ kò lè sọ, èyí tó lè sọ ń tijú. Ìgbálẹ̀ ló kù fún mi.

Ìyáálé mi, ìyàwó Alájì, ló tú ọ̀rọ̀ náà ká. Ó ń ta abọ́ àti ìkòkò ní ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, Julá rẹ̀, èdè ọjà ìlú yìí, sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dára ju Yorùbá rẹ̀ lọ. Mo lọ jókòó tì í, mo ro ẹjọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó ìsọ̀ mú. Àwọn oníbàárà bi í ní Julá pé kí ló dé, ó sì ṣàlàyé fún wọn láìfi ohunkóhun pamọ́. Kí oòrùn tó yí, kò sí ẹni tó ń ta abọ́ ní ọ̀wọ́ yẹn tí kò gbọ́ nípa àlejò tó ń bọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí mo wá gbé oúnjẹ ọkọ mi lọ́dọ̀ Ìyáálé, ó dojú kọ Alájì níṣojú mi.

"Alájì, ọmọ mẹ́fà ni mo bí fún yín. Ṣé ẹ rò pé ọjà ni mo ti rà wọ́n ni?"

"Ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń sọ níwájú ìyàwó ilé."

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Iṣẹ́ ọmọ yìí ń lọ. Ilẹ̀ ló ń gbá. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin lẹ lọ jókòó síbẹ̀ tí ẹ ń ṣàdúrà fún dókítà."

Alájì fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀ pẹ́. Mo ti fẹ́ dìde kí ó tó pè mí.

"Mo gbọ́ pé o ń wá ògbufọ̀ mìíràn."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Alájì. Wọ́n ní kí n mú ẹlòmíràn wá ni."

"Wọ́n ní kí o mú ẹni tó máa sọ ohun tí o bá sọ wá. Èmi náà ni màá bá ọ lọ. Kọ́ mi ní àwọn ọ̀rọ̀ náà."

N kò fẹ́. Kí n má purọ́, n kò fẹ́ rárá. Àyè kan ṣoṣo ló kù fún mi, ọwọ́ ẹni tó ti da àkọ́kọ́ nù ni wọ́n sì fẹ́ kí n tún gbé e sí. Ṣùgbọ́n ta ni màá sọ ìyẹn fún? Mo ní, "Ẹ ṣeun, Alájì."

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni a fi sí, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù bá wà ní títì. Ìyáálé mi ta kọ́tìnì sí ẹnu ọ̀nà iyàrá. Èmi wà nínú iyàrá, Alájì wà ní pálọ̀, Ìyáálé jókòó sí ẹnu ọ̀nà láàárín wa, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó sì ń ṣe adájọ́. Madame ti bá mi ka àwọn ọ̀rọ̀ Faransé náà sórí fóònù ní ohùn ara rẹ̀, mo sì ti fi wọ́n ránṣẹ́ sí Alájì. Màá sọ ọ́ ní Yorùbá láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, òun á sọ ọ́ ní Faransé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run kí ó tó dárúkọ ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan, á tún tọrọ rẹ̀ nígbà tó bá dárúkọ rẹ̀ tán.

"Ọlọ́run ti gbọ́," Ìyáálé á wí. "Ẹ sọ ọ́ sókè, ìyàwó kò gbọ́."

Ọjọ́ kan, ní ṣọ́ọ̀bù, ó fẹ́ rọra tẹ́tí sí ohùn Madame láàárín oníbàárà méjì. Kò mọ̀ pé fóònù náà wà lókè pátápátá. Madame pe orúkọ ọ̀nà tí ọmọ ń gbà wá sáyé ketekete sí gbogbo Adjamé, lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi kún un pé kí ó tún un pè lẹ́yìn òun. Wọ́n ní Alájì jókòó lé fóònù náà. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kò ka ìwé ìròyìn sókè. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tún jókòó sí ìdí kọ́tìnì, mo ṣàkíyèsí pé ó ti ń gbàgbé láti tọrọ àforíjì. Kò tún sí ohun tó kù láti fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ ìdánwò kejì pé. Kò mú obì dání. Ó kí wọn, ìkíni kúkúrú, débi pé ẹ̀rù bà mí pé ara rẹ̀ kò yá. Ó wá ní òun fẹ́ tọrọ ohun kan.

"Docteur, ìyàwó àbúrò mi ni. Bí mo bá ń wò ó, n kò ní lè sọ ọ́. Bí ó bá ń wò mí, òun náà kò ní lè sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n yí àga mi sí fèrèsé."

Ọ̀gá agbẹ̀bí fi abẹ̀bẹ̀ bojú. Dókítà rò ó díẹ̀, ó ní kò sí òfin tó kọ̀ ọ́. Alájì gbé àga, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wa, ó kọjú sí fèrèsé, ó ní òun ti ṣetán. Dókítà kò kọ́kọ́ mọ ibi tí ó máa wò. Ó ń pariwo sí ẹ̀yìn fìlà bí ẹni pé ẹni tó bá kọ ẹ̀yìn síni kò gbọ́ràn dáadáa. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní tiwa lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn fìlà ló wà.

Ó sì dùn. Mo ń sọ ọ́, ó ń sọ ọ́. Ilé ọmọ, ó pè é. Omi orí ọmọ, ó pè é. Bí a ṣe ń mú ọmọ tó fi ìdí wá, ó sọ ọ́ ní ẹsẹẹsẹ, kò dín, kò lé. Ohùn mi gbéra sókè, mo gbàgbé láti wolẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti sọ̀rọ̀ bí agbẹ̀bí ní ìlú yìí.

Wọ́n wá béèrè ti ẹ̀jẹ̀. Mo dáhùn rẹ̀ bí mo ṣe dáhùn rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, mo sì dúró kí ó sọ ọ́.

Kò sọ nǹkan kan.

Dókítà ní, "Monsieur?" Ẹ̀yìn fìlà náà kò mì. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó di irin fèrèsé mú. Mo ní, ó ti parí, ìtìjú ti tún dé, yóò ní màá tọ́jú ìyáàfin náà dáadáa. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú wa, gbogbo ẹ̀pà tí Ìyáálé jẹ, mo rí i tí ó ń ṣòfò lọ.

Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀. Ó pe ẹ̀jẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀. Ó tún un pè, bí ẹni tó fẹ́ kí ó dá wọn lójú. Ó sọ bí a ṣe ń fọwọ́ ra ilé ọmọ, ó sọ ti ibi ọmọ, ó sọ ti abẹ́rẹ́, kò fo ọ̀kan. Ohùn rẹ̀ kò já geere. Nígbà tí ó parí, kò fi àdúrà kún un. Ọ̀gá agbẹ̀bí ti gbé abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀, ó ń kọ nǹkan.

Nígbà tí a ń padà sí Adjamé, ó jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, èmi wà lẹ́yìn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, pé nígbà tí ó dákẹ́ yẹn, mo rò pé ìtìjú ti gbé Faransé rẹ̀ lọ ni.

Ó ní, "Kì í ṣe ìtìjú."

Mo mọ̀ pé àkọ́bí Alájì kì í ṣe ọmọ Ìyáálé. Wọ́n ti sọ fún mi pé ìyá rẹ̀ kú nígbà pípẹ́, kí ọkọ mi tó gbọ́njú. N kò béèrè ohun tó pa á, wọn kò sì sọ.

"Ìlú yìí náà ló bí i sí," ó wí, ó ń wo ojú títì. "Kò gbọ́ Faransé kankan. Ó bímọ tán, ó ní kí n sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ̀jẹ̀ ń dà lára òun. Nọ́ọ̀sì náà, ọkùnrin ni, ẹgbẹ́ mi. Mo sọ fún un pé ó rẹ̀ ẹ́."

Mo ní, "Kí ni nọ́ọ̀sì wá sọ?"

"Ó ní kí ó máa sùn."

Awakọ̀ ń bá èrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi jiyàn lórí bọ́ọ̀lù. Mo ní, "Alájì." Ó ní, "Hẹn."

Ìwé àṣẹ mi jáde kí ọdún tó parí. Madame fún mi ní aṣọ iṣẹ́, ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, mo sì wọ iyàrá tí wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ mi. Faransé mi ti ń gbé pẹ́ẹ́lí báyìí. Wọ́n máa ń gbé ìyàwó àwọn ará ilé wa wá bá mi láti Adjamé àti Port-Bouët, nítorí pé mo gbọ́ èdè wọn, ọkọ wọn á sì dúró sí ẹnu ọ̀nà, á ní ara ìyàwó òun kàn wúwo díẹ̀ ni. N kì í gbà. Kí ló ń ṣe é? Ibo ló ń dùn ún? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń dà? Mélòó ni aṣọ tó ti rin? Mo máa ń béèrè rẹ̀ sókè, n kì í wo ẹni tó wà níbẹ̀, n kì í sì í jẹ́ kí ọkọ náà jókòó títí á fi dá mi lóhùn. Orúkọ mi ti bàjẹ́ díẹ̀ nínú ọjà. Wọ́n ní agbẹ̀bí Nàìjíríà yẹn kò nítìjú rárá.

Láìpẹ́ yìí, àwọn ọkùnrin kan kó ara wọn jọ, wọ́n lọ fi ẹjọ́ mi sun Alájì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìyáálé wà níbẹ̀, òun ló sọ ọ́ fún mi. Wọ́n kí i dáadáa, wọ́n bi í léèrè ilé, wọ́n wá ní ìyàwó àbúrò rẹ̀ ń tàbùkù àwọn. Ó ní kí ni mo ṣe. Wọ́n ní níṣojú èèyàn, mo bi ọ̀kan nínú wọn bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ìyàwó rẹ̀.

Alájì pa ìwé ìròyìn rẹ̀ dé. Ó ní, "Ṣé ó dá a lóhùn?"